Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tí Kì í Dé Yàrá Ẹ̀yìn: Ìtàn Bí Ohùn Ṣe Ń Wọ Ilé Láìsí Okùn

 

Iṣẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni láti máa fetí sí ọ̀rọ̀ ìṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá dára nínú ilé, a ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì “wọlé”. Bí ó bá lọ́ra, a ó ní ó ń “falẹ̀”. Bí ó bá lọ lójijì, a ó ní ó “já”. Ohun tí a ń fà nílẹ̀, tí ó sì lè já, okùn ni. Íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìtàkùn àgbáyé la sọ ọ́, bí ẹni pé ó rọ̀ mọ́ ara igi nínú igbó, tí èèyàn lè fọwọ́ tọ̀ ọ́ títí dé ìdí. Bẹ́ẹ̀ Wi-Fi inú ilé wa kò ní okùn kankan láàárín ráútà àti fóònù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àpò wa. Ẹni tó bá gbà pé okùn ni Wi-Fi yóò máa rò pé okùn tó nípọn ló kù tí òun máa rà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí Wi-Fi kò bá dé yàrá ẹ̀yìn, ohun àkọ́kọ́ tí ó ń jáde lẹ́nu ará ilé ni, “Ẹ jẹ́ ká dá owó jọ, ká ra èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Ìtàn kò ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Láti ìgbà tí ohùn àjèjì ti kọ́kọ́ wọ ilé Yorùbá títí di òní, nígbà tí ohùn tàbí àwòrán kò bá dé ibi tí a fẹ́, kì í sábà jẹ́ agbára ló wo ìṣòro náà sàn. Ipò ni: ibi tí a gbé ẹ̀rọ sí, bí ó ṣe ga tó, ibi tí ó kọjú sí, àti ohun tó dí i lọ́nà. Ìtàn yẹn la fẹ́ sọ.

Ìgbà tí okùn wà

Ní ọdún 1935, nígbà ìjọba amúnisìn, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Rédífúṣọ̀n ní Èkó. Kì í ṣe rédíò bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ibì kan ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn BBC láti Lọ́ńdọ̀nù wà. Wáyà ni wọ́n fi ń pín ohùn náà kiri láti òpó dé òpó, títí tí yóò fi wọ ilé ẹni tó bá san owó. Ohun tó wà lára ògiri onílé kò ju àpótí kékeré kan tó ń gbé ohùn jáde. Ní ọdún 1939, ó dé Ìbàdàn. Ẹni tó ní àpótí náà kò lè yan ohun tí ó fẹ́ gbọ́. Kí ó mú ohùn lọ sókè tàbí kí ó mú un wá sílẹ̀ ni.

Nígbà náà, kò sí ohun tó ń jẹ́ pé ohùn dé pálọ̀, kò dé yàrá. Ibi tí wáyà bá dé ni ohùn dé. Bí wáyà bá já, ó já fún gbogbo ilé. Kò jọ wá lójú pé ọ̀rọ̀ ìṣe wa ṣì rọ̀ mọ́ okùn títí di òní.

Ẹ tún wo orúkọ tí àwọn àgbà fún rédíò: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rédíò àti Wi-Fi wà nínú orúkọ yẹn ketekete.

Ọ̀pá orí òrùlé

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn. Àwòrán ń bọ̀ láìsí wáyà. Ibẹ̀ ni ilé Yorùbá ti kọ́kọ́ pàdé ìṣòro tí à ń sọ yìí: ohun tó wà nínú òfuurufú fún gbogbo èèyàn, àmọ́ tí kì í wọ gbogbo ilé bákan náà.

Àwọn tó wà nítòsí, tí òkè kò dí lọ́nà, rí àwòrán tó mọ́. Àwọn tó wà ní kòtò, tàbí lẹ́yìn òkè, rí ohun tó dà bí òjò funfun. Kò sí ẹni tó lè bẹ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n pé kí ó pariwo sí i nítorí ilé tòun. Ohun tí àwọn èèyàn ṣe ni pé wọ́n ra àńtẹ́nà, wọ́n so ó mọ́ ọ̀pá irin tàbí ọparun, wọ́n nà án sókè ju òrùlé páànù lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a dàgbà kí ìkànnì sátẹ́láìtì tó dé ilé gbogbo ṣì mọ iṣẹ́ yẹn. Ẹnì kan á dúró nídìí ọ̀pá lóde, ẹnì kan á dúró lójú fèrèsé, àwọn tó kù á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. “Ṣé ó ti mọ́?” “Rárá o!” “Báyìí ńkọ́?” “Ó ti mọ́! Má yí i mọ́! Háà, ó tún ti dàrú!”

A máa ń fi í ṣẹ̀rín lónìí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ló wà nínú eré yẹn. Àwọn òbí wa tí kò ka físíìsì mọ̀ pé gíga ṣe pàtàkì, pé ibi tí a kọjú sí ṣe pàtàkì, àti pé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan péré lè ya àwòrán tó mọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó dàrú. Ní pàtàkì jù lọ, wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń yí ọ̀pá kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Ó nílò ẹni tó wà nínú ilé tí yóò máa sọ ohun tó ń rí.

Láti erékùṣù dé erékùṣù

Nígbà tí àwọn èèyàn ń yí ọ̀pá ní Ìbàdàn, àwọn kan ní Hawaii ní ìṣòro mìíràn. Yunifásítì wọn ní ẹ̀ka lórí oríṣiríṣi erékùṣù, òkun sì wà láàárín. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ka lè lo kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wà ní Honolulu. Norman Abramson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pinnu láti lo ìgbì rédíò dípò wáyà. Ní ọdún 1971, ètò tí wọ́n pè ní ALOHAnet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kókó ibẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gba èsì. Bí ẹ̀ka méjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ méjèèjì á dàrú mọ́ra, kò sì ní sí èsì. Ọgbọ́n Abramson rọrùn: bí o kò bá gba èsì, dúró fún ìgbà díẹ̀ tí kò ní iye kan pàtó, kí o tún sọ ọ́. Nítorí pé ìgbà tí oníkálukú máa dúró yàtọ̀ síra, wọn kò ní máa forí gbárí títí lọ. Ẹni tó bá ti jókòó sí ìpàdé ẹbí rí mọ ohun tí à ń sọ. Bí gbogbo èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan.

Wi-Fi ìsinsìnyí jogún ìwà yẹn. Ó ń kọ́kọ́ tẹ́tí bóyá ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ń dúró. Nítorí náà, nínú ilé tí ráútà mẹ́jọ ti aládùúgbò yí ká, Wi-Fi wa lè falẹ̀ nígbà tí àmì rẹ̀ lórí fóònù kún rẹ́rẹ́. Kì í ṣe pé ohùn kò dé. Ó ń dúró kí àyè yọ ni.

Àyè tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́

Ìgbì rédíò dà bí ilẹ̀: ìjọba ló ń pín in. Ilé iṣẹ́ rédíò, tẹlifíṣọ̀n, ọkọ̀ òfuurufú, ọlọ́pàá àti ológun, oníkálukú ní tirẹ̀, wọ́n sì ń gbàwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan wà tí kò níyì, nítorí pé ariwo pọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ máíkírówéfù tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ gbóná ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1985, àjọ FCC ní Amẹ́ríkà sọ pé ẹnikẹ́ni lè fi ibẹ̀ ránṣẹ́ láìgbàwé àṣẹ, bí agbára rẹ̀ bá ti kéré, tí ó sì fi ọgbọ́n tan ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká kí ó má di ẹlòmíràn lọ́wọ́. Lára ilẹ̀ náà ni ìgbì 2.4 GHz tí à ń lò nínú ilé títí di òní.

Àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lórí ilẹ̀ ọ̀fẹ́ yìí, ṣùgbọ́n oníkálukú ń sọ èdè tirẹ̀; ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan kò gbọ́ ti èkejì. Ní ọdún 1990 ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ IEEE láti ṣe èdè àjùmọ̀lò. Vic Hayes, ọmọ Netherlands, ni alága. Ọdún méje ni wọ́n fi jiyàn kí àkọ́kọ́ tó jáde ní 1997, mégábíìtì 2 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1999, ó di 11. Ọdún 1999 yẹn náà ni wọ́n ra orúkọ Wi-Fi, tí Apple sì gbé kọ̀ǹpútà iBook jáde pẹ̀lú rẹ̀. Àwa tí a mọ ìtàn bí wọ́n ṣe jiyàn lórí àkọtọ́ Yorùbá kò ní yà wá lẹ́nu pé àdéhùn lórí bí a ó ṣe kọ nǹkan lè gba ọdún méje.

Ẹ kíyè sí ohun tó wà nínú òfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀: agbára gbọ́dọ̀ kéré. Ní Yúróòpù, ráútà kò gbọdọ̀ ju mílíwáàtì 100 lọ lórí 2.4 GHz. Gílóòbù wáàtì 10 tó wà lókè orí wa ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po 100. Kò sí iye owó tí a lè san tí yóò sọ ráútà òfin di ilé iṣẹ́ rédíò. Fífi agbára kún un pàápàá kì í mú un lọ jìnnà púpọ̀. Ní gbangba tí kò sí ohun tó dí i, kí ìgbì tó lè dé ìlọ́po méjì ọ̀nà tó ń dé, a gbọ́dọ̀ sọ agbára di ìlọ́po mẹ́rin. Nínú ilé tó ní ògiri, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbohùngbohùn inú ilé

Ìṣòro kan wà tí ó jẹ́ ti inú ilé nìkan. Ẹni tó bá ké nínú gbọ̀ngàn òfìfo mọ̀ ọ́n: gbohùngbohùn. Ìgbì tó jáde láti ara ráútà kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Òmíràn lọ tààrà, òmíràn lu ògiri kó tó padà wá, òmíràn lu ara fìríìjì. Gbogbo wọn dé ọ̀dọ̀ fóònù ní ìgbà tó yàtọ̀ díẹ̀ síra, wọ́n sì ń bo ara wọn mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wá láti ibi tí a kò retí. Ní Australia, John O'Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àjọ CSIRO jẹ́ ẹni tó mọ rédíò ojú ọ̀run. Nígbà kan rí, O'Sullivan ti wá àmì tó tín-ín-rín láti ara ihò dúdú kéékèèké tí Stephen Hawking sọ pé ó lè bú gbàmù. Kò rí i. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí ó kọ́ láti fi yọ àmì tó dàrú nínú ariwo ojú ọ̀run, òun ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ padà lò fún gbohùngbohùn inú ilé. Wọ́n pín ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbohùngbohùn ti àkọ́kọ́ tó lè parí kí ìkejì tó dé. Ní 1996 ni Amẹ́ríkà fún wọn ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà.

Ní 2009, ìgbésẹ̀ mìíràn tún dé: àńtẹ́nà púpọ̀ lórí ráútà kan. Gbohùngbohùn tó ti jẹ́ ọ̀tá di ọ̀rẹ́, nítorí pé ẹ̀rọ lè gba ọ̀nà oríṣiríṣi tí ògiri dá sílẹ̀ láti kó ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Títí kan ibẹ̀, kò sí ẹni tó yanjú ìṣòro nípa kíké sí i. Wọ́n mọ ilé náà dáadáa ni.

Ilé-Ifẹ̀, Trieste àti kìlómítà 382

Kì í ṣe Amẹ́ríkà àti Australia nìkan ni ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí ìlà tẹlifóònù ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bá ICTP ṣiṣẹ́ pọ̀ láti fi ìgbì rédíò so àwọn kọ̀ǹpútà inú ọgbà náà pọ̀. ICTP ni ibùdó ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí Abdus Salam, ọmọ Pakistan, dá sílẹ̀ ní Trieste, ní Ítálì, ní 1964, kí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí kò lówó lè ní ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Láti ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láti Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà bí a ṣe ń fi owó kékeré gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ró.

Ní àkókò kan náà, ní California, Rob Flickenger fi hàn ní 2001 pé agolo Pringles tó ti ṣófo lè di àńtẹ́nà Wi-Fi. Agolo náà kò fi agbára kankan kún un. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kó ìgbì tí ìbá fọ́n ká jọ sí ojú kan, bí èèyàn ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká nígbà tó bá fẹ́ pe ẹni tó wà lókèèrè.

Ẹni tó fi ọgbọ́n yìí dé òpin ni Ermanno Pietrosemoli, olùkọ́ kan ní Venezuela tó bá ICTP ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní 2007, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ráútà Linksys, irú èyí tí a ń rà sínú ilé, lọ sórí òkè méjì tó jìnnà síra. Wọ́n fi àwo ńlá kọjú wọn síra. Ráútà méjèèjì gbọ́ ara wọn láti kìlómítà 382. Èkó sí Ìlọrin kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Wi-Fi tí kò lè kúrò ní pálọ̀ dé yàrá ẹ̀yìn ló rin kìlómítà 382. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ṣe. Wọ́n gbé e sí ibi gíga, kí ohunkóhun má baà dí i. Wọ́n kọjú àńtẹ́nà síra wọn, kí ìgbì má baà fọ́n ká. Ẹ̀kẹta ló dùn mọ́ wa jù: wọ́n tún ètò inú rẹ̀ ṣe kí ó lè ní sùúrù fún èsì. Ráútà ilé máa ń retí èsì kíákíá. Bí èsì bá pẹ́ díẹ̀, ó gbà pé ọ̀rọ̀ òun kò dé, á sì tún un sọ. Lórí ọ̀nà tó jìn tó báyẹn, èsì ń bọ̀ lóòótọ́, kò kàn tíì dé ni.

Ohun tó fà á tí ráútà alágbára kò fi ran yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ tó bí a ṣe rò nìyí. Ká tiẹ̀ sọ pé ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí fóònù gbọ́ ọ, fóònù náà gbọ́dọ̀ fèsì, báńtírì fóònù sì kéré. Àmì á kún lójú fóònù, síbẹ̀ ojúewé kò ní ṣí, nítorí èsì kò padà dé. Rédíò lè borí pẹ̀lú agbára, nítorí asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Wi-Fi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Asọ̀rọ̀-tó-ń-retí-èsì ni.

Ilé tiwa

Ní Nàìjíríà, oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM dé. Ní àwọn ìlú kéékèèké, gbogbo wa ló gbọ́ ìtàn igi tàbí àpáta kan báyìí tí wọ́n ń lọ dúró sí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó “gbé”. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀lé òfin kan náà tí ẹni tó yí ọ̀pá àńtẹ́nà tẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà ni wáyà abẹ́ òkun SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, tí MainOne sì dé ní 2010, tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń pọ̀ sí i. Ní oṣù Kìíní 2023, Starlink tó ń gba ojú sánmà wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni íntánẹ́ẹ̀tì ń rìn kó tó dé ọwọ́ wa: láti ìta dé ara ráútà, àti láti ara ráútà dé fóònù. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà mélòó kan bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lọ́jọ́ náà, okùn já ní tòótọ́. Kò sí ibi tí a lè gbé ráútà sí tí yóò wò ó sàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó ń ṣe òun, kó dúró ti ráútà, kó dán an wò, lẹ́yìn náà kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, kó tún dán an wò. Bí ó bá burú níbi méjèèjì, ìta ni wàhálà wà. Bí ó bá dára nítòsí, tó burú lẹ́yìn, ilé ni.

Ilé wa sì ní ìwà tirẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù onísímẹ́ǹtì ń gba púpọ̀ nínú ìgbì, òpó kọnkéré tó ní irin nínú ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin kì í jẹ́ kí ó kọjá: ilẹ̀kùn irin, fìríìjì, páànù, dígí ńlá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìda irin. Omi ń gbé e mì: ọ̀rá omi, tánkì, àgbá. Ìgbì 5 GHz yára ju 2.4 lọ, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dá a dúró. Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri méjì máa ń rí ìrọ̀rùn lórí 2.4. Lórí 2.4 náà, ìlà 1, 6 àti 11 ni kì í wọnú ara wọn. Bí gbogbo àdúgbò bá kó jọ sórí 6, ká lọ sí 1 tàbí 11. Ọ̀pá àńtẹ́nà kì í tú ìgbì jáde láti ṣóńṣó rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jáde, bí òrùka tó yí ọ̀pá ká. Nínú ilé tí kò ní òkè, kí ọ̀pá dúró ṣánṣán. Nínú ilé alájà méjì, kí ọ̀kan dúró, kí ọ̀kan dùbúlẹ̀.

Bí a bá ti ṣe gbogbo ìyẹn tí kò sì tó, ẹ̀rọ agbóhùn-fún-ẹlòmíràn wà tí a lè fi sí ọ̀nà. Ibi tí Wi-Fi ṣì dára ni kí a gbé e sí, kì í ṣe ibi tí kò dé rárá, nítorí ohun tí kò bá gbọ́, kò lè tún un sọ. Ó sì máa ń dín ìyára kù, nítorí ó ní láti gbọ́ kó tó sọ. Èyí tó dára jù ni kí a fa wáyà láti ara ráútà lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ká so ráútà mìíràn mọ́ ọn níbẹ̀. Ọ̀nà Rédífúṣọ̀n àtijọ́ ṣì wúlò.

Ta ló wà ní yàrá ẹ̀yìn?

Ó ku ohun kan tí ìwé ẹ̀rọ kì í kọ. Nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́, ta ló ń pinnu ibi tí ráútà máa wà? Mẹ́ta nínú àwa tí a ń kọ̀wé yìí jọ ń gbé inú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, àwa mẹ́fà la sì ń dá owó dátà. Yàrá iwájú ni ráútà wà, lẹ́yìn fìríìjì, nítorí ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ló dá owó tó pọ̀ jù. Kò ṣe àìdáa. Ohun tí ó rò pé ó tọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ń dá owó lóṣooṣù, ó sì ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru kó tó lè gbọ́ ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ó fẹ́ ka iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fún olùkọ́ lórí ìpàdé orí afẹ́fẹ́, ohùn rẹ̀ já ní ìgbà mẹ́rin. Ohùn olùkọ́ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa. Èsì tirẹ̀ ni kò padà.

Nígbà tí a dá a lábàá pé kí ráútà bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lókè ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tó jẹyọ kì í ṣe ti ìgbì rédíò. Ta ni yóò máa tan án, ta ni yóò máa pa á? Bí ó bá sọnù ńkọ́? A jókòó, a sọ̀rọ̀, a kan pákó kékeré kan mọ́ ògiri, a sì fi ìlànà ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sí i. Ẹnì kan dúró ti ráútà, ẹnì kan wà ní yàrá ẹ̀yìn, a ń ké síra wa bí àwọn òbí wa ṣe ń ké nídìí ọ̀pá tẹlifíṣọ̀n. Yàrá iwájú pàdánù díẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn wá lè gbọ́, ó sì lè fèsì. A kò ra nǹkan kan ju ìṣó lọ.

Akéde ìlú mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Kì í dúró sínú yàrá rẹ̀ lu agogo, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ ròkè tó; oríta ló ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti dá owó jọ fún ráútà tuntun lóṣù yìí, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ibi tí oríta ilé yín wà.